Aṣọ Pupa Inú Àpótí

Ọjọ́ tí mo dé Tunapuna, ìlú kan ní Trinidad, erékùṣù kan lójú òkun Karíbíànì, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá onílé mi. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri. Ó rò pé owó ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tanty, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2005 nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń pè mí ní "Africa", àfi bí ẹni pé èmi nìkan ni wọ́n bí ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Ọmọ Ìdànrè ni mí, owó kòkó ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Ìbàdàn ni mo wà tí mo fi rí àyè lọ kọ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀ nípa kòkó ní Yunifásítì West Indies, ẹ̀ka ti St. Augustine ní Trinidad. Oríṣi kòkó tó lé ní 2,000 ni wọ́n kó jọ sí oko ìwádìí kan níbẹ̀. Àwọn èyí tí Pound, òyìnbó kan, kó wá láti igbó Amazon ní ìparí àwọn ọdún 1930 wà lára wọn. Irú wọn ló gba Ghana lọ ní 1944, tó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìbátan igi inú oko bàbá mi ni mo lọ kí. Èsì tí mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí nìyẹn pé kí ni mo lọ wá sí orílẹ̀-èdè tí kò tó ìdajì Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní fífẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan lápò nígbà yẹn. Ẹni tí mo bá ti bá pàdé, ìbéèrè ni. Báwo ni òmìnira yín ṣe rí? Irú ènìyàn wo ni Eric Williams? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1970? Wọ́n ń dá mi lóhùn o. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1962 ni wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Òpìtàn ni Williams kó tó di olórí ìjọba, awò dúdú lójú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí, ó sì wà lórí àléfà títí ikú fi mú un ní oṣù Kẹta 1981. Ó tán. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan. Bí ẹni tó ń ka iye orí ènìyàn fún ìjọba ni mo ń ṣe kiri àdúgbò.

Akọ̀wé ibi iṣẹ́ wa ló là mí lójú, òun gan-an kò sì mọ̀. Ó bi mí bóyá màá bá wọn dá sou-sou. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n, iye kan náà ni oníkálukú ń mú wá lóṣooṣù, ẹnìkan á sì kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì yọjú. Èsúsú! Láti 1841 lọ, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti parí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun wá sí Trinidad láti ṣiṣẹ́ oko. "Yaraba" ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọn ò ráyè gbé ohun púpọ̀ dání, ṣùgbọ́n èsúsú wà níbẹ̀. Àkàrà náà wà níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní accra, ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n sì fi ń din ín. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, ṣùgbọ́n kí n tó gbà pé àkàrà ni, ẹ ó kọ́kọ́ fi ẹ̀wà hàn mí.

Nítorí pé àlejò ni mí, ìkẹwàá ni wọ́n fi mí sí nínú èsúsú náà. Kí n dá fún oṣù mẹ́sàn-án kí n tó kó. Inú bí mi díẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Nàìjíríà na Zimbabwe ní ayò 5 sí 1 ní Àbújá, síbẹ̀ Angola ló gba ọ̀nà Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Jámánì mọ́ wa lọ́wọ́. Àmì kan náà la jọ ní, ṣùgbọ́n àwọn ló borí nígbà tí a kojú ara wa. Mo sunkún lábẹ́lẹ̀, mo wá di ará Trinidad lọ́sẹ̀ kejì. Ó ku ìdíje kan péré fún àwọn náà, àwọn àti Bahrain, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí bàbá jẹ́ ká jọ lọ wo àkọ́kọ́ ní pápá Hasely Crawford. Ó ní, "Africa, mi ò wọ ibẹ̀ mọ́." Mo ro pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń sá fún.

Ọ̀mì aláyò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbá ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Chris Birchall ló dá ayò náà padà, ọmọ aláwọ̀ funfun tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Port of Spain. Nígbà tó di ọjọ́ 16 tí wọ́n gbá èkejì ní Manama, ojú ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́. Parlọ̀ kún. Bàbá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gbálẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta, ojú kan náà ló ń gbá, ibẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Dwight Yorke gbá kọ́nà wọlé, Dennis Lawrence, tó ga bí ọ̀pẹ, fi orí kàn án sáwọ̀n. Ayò kan sí òdo. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, tí ìró họ́ọ̀nù ọkọ̀ gba gbogbo Eastern Main Road, bàbá wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ó ti parí? Ṣé ó dá yín lójú?" Ó wo àtúnwò ayò náà lẹ́ẹ̀kan, ó lọ sùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán!

Mo bi Tanty. Ó ní, "Nítorí ọjọ́ kọkàndínlógún ni." Mo bi bàbá fúnra rẹ̀, kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ 19 oṣù náà bọ́ sí Sátidé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti bàbá jókòó síta, mi ò bi í ní ohunkóhun. Mi ò mọ ohun tó gbé e dé ẹnu mi, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Samuel Okwaraji fún un. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, níbi tí a ti ń sá kòkó, rédíò bàbá mi wà lórí òkúta. Nàìjíríà àti Angola ń gbá a ní Sùúrùlérè. Okwaraji, agbẹjọ́rò tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ṣubú lórí pápá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sì dìde mọ́. A borí ní ayò kan sí òdo. Bàbá mi pa rédíò náà, kò sì tàn án fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọdún yẹn náà ni a kùnà láti lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Ítálì.

Bàbá onílé mi ń fi ìka ka oṣù. "Oṣù Kẹjọ 1989. Oṣù mẹ́ta ṣáájú tiwa." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó gbé àpótí kan jáde. Aṣọ pupa ló wà nínú rẹ̀, aṣọ alápá péńpé lásán, ó ti ká a mọ́ra bí aṣọ ìsìnkú.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 1989, Àìkú, ọ̀mì péré ni Trinidad àti Tobago nílò lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kí wọ́n lè lọ sí Ítálì. Ọ̀mì! Ìjọba ti kéde pé ọjọ́ kejì á jẹ́ ìsinmi kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù rárá. Gbogbo ìlú wọ pupa. Bàbá ní aago méje àárọ̀ ni òun ti wọ pápá, èrò kún débi pé bí o bá gbé ọwọ́ sókè, o ò ríbi gbé e sí mọ́. Kò tíì tó ìdajì eré tí Paul Caligiuri fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ó lọ sókè, ó yí, ó já sílẹ̀ sínú àwọ̀n. Bàbá búra pé oòrùn ló wọ ojú gólì. Ayò kan náà ló wà níbẹ̀ títí tó fi parí. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ju òkò. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì lọ sílé. FIFA fún àwọn òǹwòran náà ní ẹ̀bùn ìwà ọmọlúwàbí ọdún yẹn.

"Wọ́n fún wa ní ẹ̀bùn," bàbá wí, "torí pé a mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù."

Yorke wà lórí pápá lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọdún méjìdínlógún láti Tobago. Russell Latapy náà wà níbẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún ni Yorke wá gbá kọ́nà tó di ayò ní Manama. Nígbà tí bàbá sọ èyí tán ni ìgbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wá yé mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ìwé kékeré yẹn sábẹ́ àpótí aṣọ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ti ń lọ létí mi láti ọjọ́ tí mo dé. Tanty kì í pe ọdún ní ọdún. Ọmọ rẹ̀ kejì, "ọdún Crawford" ni wọ́n bí i. Ìyá bàbá mi náà kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, kìkì pé lùkúlùkú ọdún 1918 ń jà. Hasely Crawford sá eré 100 mítà ní Montreal lọ́jọ́ 24 oṣù Keje 1976 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.06, góòlù Olympics àkọ́kọ́ fún erékùṣù náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, wọ́n yọ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí ìjọba wọn, wọ́n fi ààrẹ tiwọn sí i. Tanty kì í rántí ti ọbabìnrin. Nàìjíríà kò sí ní Montreal lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ South Africa. Tanty ní a ṣeun tí a kò wá, ìyókù ìbá tiẹ̀ le fún Crawford.

Ọmọ àgbà ńkọ́? 1971. Bàbá ti wà lára àwọn tó tẹ̀lé òkú Basil Davis lọ sí ìsìnkú ní oṣù Kẹrin 1970, ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá yìnbọn pa nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú ń wọ́de ní Port of Spain. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Williams kéde òfin pàjáwìrì, apá kan nínú àwọn ọmọ ogun sì ṣọ̀tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin náà, bàbá fún un ní orúkọ Yorùbá kan tó rí nínú ìwé. Mi ò ní sọ orúkọ náà. Wọ́n ń pè é bí ẹní ń pe orúkọ Faransé, ìgbà tí mo pè é bó ṣe yẹ, ọmọbìnrin náà, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ní kí n tún un pè. Ó ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ má rò pé ìtàn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Íńdíà láti Caroni, àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá gé ìrèké láti 1845. Nígbà tí mo fi ọdún Crawford dá a lápárá, ó ní, "1976 tiwa yàtọ̀." Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ní Queen's Park Oval, Íńdíà lé iye tó ju 400 bá nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì na West Indies. Bàbá rẹ̀ jó nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́. Èmi náà sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ará Trinidad" báyìí, "ará Trinidad" báyìí. Nígbà tí mo sọ fún un bí ọlọ́pàá ṣe kojú àwọn oníná àti onílù Carnival ní 1881, ó fi tirẹ̀ lé e: ní 1884, wọ́n yìnbọn lu àwọn ènìyàn rẹ̀ ní San Fernando lójú ọ̀nà àjọ̀dún Hosay, àwọn náà gbé ìlù dání. Ó ti gbọ́ tiwọn, àwọn kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

Oṣù Kìíní 2006 ni èyí tó wúwo jù. Tanty ń bó òtílí, òtílí wa gan-an, oúnjẹ ọdún ni níbẹ̀, mo jókòó tì í, mò ń bá a bó o. Mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: 1989 ni wọ́n ń sọ lóhùn rara, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì 27 oṣù Keje 1990, Yasin Abu Bakr àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí rẹ̀, Jamaat al Muslimeen, tó lé ní 100, gbé ìbọn wọ Ilé Aṣòfin, èyí tí wọ́n ń pè ní Red House, Ilé Pupa. (Pupa náà tún nìyẹn.) Wọ́n gba ilé tẹlifíṣọ̀n, ó yọjú lórí ẹ̀rọ, ó ní ìjọba ti ṣubú. A. N. R. Robinson, olórí ìjọba tó kéde ìsinmi bọ́ọ̀lù yẹn, ni wọ́n dè mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó pàṣẹ fún ológun kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ní kí wọ́n fi gbogbo agbára wọn kọlù wọ́n, ni wọ́n bá yìnbọn lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, 1 oṣù Kẹjọ, àjọ̀dún ìtúsílẹ̀ ẹrú, ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó jọ̀wọ́ ara wọn. Nǹkan bí ènìyàn 24 kú. Bí o bá bi àwọn ènìyàn, àríyá tí wọ́n ṣe nígbà kónílé-ó-gbélé ni wọn yóò máa sọ fún ọ, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín.

Mi ò bi Tanty. Mo sọ ti 1983 fún un, ìbò gómìnà Oǹdó. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun ènìyàn mọ́ ilé. Òórùn rẹ̀ ni mo rántí, àti pé ọkùnrin kan sùn sí àjà wa fún ọjọ́ mẹ́rin. Títí di òní, a kì í sọ ọ́ nílé wa. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Tanty bó òtílí mẹ́ta, mẹ́rin. Ó wá bi mí: "Kọ́tìnnì tó wà ní yàrá rẹ, ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?" Mo ní ó dára. Ó ní nígbà tí àwọn ènìyàn ń fọ́ ilé ìtajà ní Port of Spain lọ́sẹ̀ yẹn, aládùúgbò kan gbé ìdì aṣọ kan wá fún òun. Òun mọ ibi tó ti wá. Òun gbà á, òun rán an. Ó ti wà lójú fèrèsé náà láti ọdún 1990.

Mo sùn lábẹ́ kọ́tìnnì yẹn fún ọdún kan lé oṣù mẹ́sàn-án sí i. Ogún ọdún kọjá kí ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ka ìròyìn rẹ̀ nígbà tí mo ti padà sílé, ọ̀rọ̀ ìbọn àti òfin ló pọ̀ níbẹ̀.

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni mi ò rí ojú ẹ̀ títí mo fi kúrò. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ti erékùṣù kan. Ilẹ̀ mẹ́wàá níbẹ̀ ti gbìyànjú láti para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan láti 1958. Jàmáíkà dìbò jáde ní 1961, Williams sì sọ pé bí a bá yọ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá, òdo ló kù. Ìjọba náà túká ní 1962, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì kò túká. Brian Lara, ọmọ àfonífojì Santa Cruz níbi tí àwa ń lọ wo oko kòkó, ni ọba wọn: òun nìkan gba ayò 375 ní 1994, 400 ní 2004, ibi kan náà, Antigua, ojú Gẹ̀ẹ́sì kan náà. Ní oṣù Kẹrin 2007, lọ́jọ́ tó gbá ìkẹyìn ní Barbados, ó bi àwọn òǹwòran léèrè bóyá òun dá wọn lára yá. Lara, dá lára yá: èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín nínú ilé náà, ìgbà tí mo sì ṣàlàyé rẹ̀ tán, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́.

Ibi tí ojú ti tì mí jù ni ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà. Akọ̀wé wa ló mú mi lọ sí àsè kan lẹ́bàá Arima. Mọngba ni wọ́n ń pe olórí wọn ọkùnrin, mọ́gbà Ṣàngó gan-an. Ìlù mẹ́ta ni, oumele sì ni orúkọ èyí tó kéré jù: omele. Ìlù tí Gẹ̀ẹ́sì fi òfin lé kúrò nígboro ní àwọn ọdún 1880, àwọn oníjọ Shouter náà, ìyẹn àwọn Onítẹ̀bọmi tó ń pariwo gbàdúrà, tí òfin 1917 dè lọ́wọ́ títí di 1951, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti là já. Ní 1999 ni òfin ìgbéyàwó tiwọn tó wọlé. Mo dúró níbẹ̀ bí olùkọ́. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀rọ̀ kan bí kò ṣe yẹ, mo ń tún un pè sétí akọ̀wé. Ìyá àgbàlagbà kan gbọ́ mi. Ó ní, "Ó dára. Ó yá, ìwọ kọ tìrẹ."

Mi ò ní nǹkan kan. Ọmọ akọrin Áńgílíkà ni mí. Mo dúró, mo wo ilẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rántí ìlà kan nínú orin Orósùn, òrìṣà Ìdànrè, tí ìyá bàbá mi máa ń fi ẹnu kọ nígbà tó bá ń lọ ata, kí bàbá mi tó ní kó dákẹ́. Mo kọ ọ́, ohùn mi ń gbọ̀n. Ìyá náà ní kí n tún un kọ. Ìgbà kẹta, omele ti mú un.

Oṣù Kẹfà 2006 ni ó kàn mí láti kó èsúsú náà, oṣù kan náà tí Trinidad gbá ọ̀mì pẹ̀lú Sweden ní Dortmund, tí Shaka Hislop kò jẹ́ kí nǹkan kan wọlé. Mo fi owó náà ra tẹlifíṣọ̀n fún bàbá. Ó jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, aṣọ pupa lọ́rùn, ó ti fún mọ́ ọn nínú.

Bàbá kú ní 2013. Ní 2024, ọmọbìnrin rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ìjọba ti kéde pé wọn yóò yọ ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta Columbus kúrò nínú àmì orílẹ̀-èdè wọn, ìlù pan, tí wọ́n ń fi àgbá epo ṣe, ni wọn yóò fi rọ́pò. Mo lọ wá owó ẹyọ Trinidad kan nínú dúrọ́ọ̀, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lójú rẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí. Mo bi í ní aṣọ pupa náà. Ó ní ọmọ òun ló ń wọ̀ ọ́ báyìí bó bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ọrùn rẹ̀ ti ya, kò sì jẹ́ kí òun rán an. Mo bi í ní kọ́tìnnì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kọ́tìnnì wo?"